Wọ́n Wá Bẹ̀bẹ̀ fún Ọmọ Tí Kò Fìdí Rẹmi

Inú ìpàdé la wà tí ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń kọ́ni fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti àdúgbò bíi Peckham wá ò nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ ìwádìí, pé ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, kí wọ́n gbà á kí wọ́n máa lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Àwọn tó kù ń mirí sí i. Èmi tí mò ń gbé ní Peckham láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí mo ti Rye Lane wá sí ìpàdé náà tòun ti ẹja nínú báàgì, mo wo gbogbo wọn lójú. Ara mi gbóná. Mo bi í pé, "Ta lo bi?" Ó ní báwo. Mo ní, "Nínú àwọn ọmọ yẹn, èwo ló sọ fún ẹ pé òun ò nífẹ̀ẹ́ sí i?" Kò bi ẹnì kankan. Ó kàn mọ̀ ni. Wọ́n ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní apá gúúsù London níbí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa wọn, àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé nínú omi, lára wa, níbi gbogbo. Ní Rye Lane, ọjà Peckham wa, Aunty Dókítà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ẹni tó ń ta aṣọ á ká ṣòkòtò sókè kí n lè wo orúnkún rẹ̀. Mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi pé ìwé ló sọ mí di dókítà, kì í ṣe ọsibítù. Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, Aunty, ẹ ṣáà bá wa wò ó." Mo máa ń wò ó.

Lọ́dọọdún, tí ilé ìwé bá ti wọ ọlidé gígùn, àwọn ọ̀gá tó ní yàrá ìwádìí máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, àwọn tí kò tíì gboyè, pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fún wọn lówó. Ọmọ tó bá ṣe é, ojú rẹ̀ á là. Á mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìdáhùn sí ohun tí kò sí nínú ìwé kankan, tó bá sì fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ta ni wọ́n ń mú? Ẹni tó bá lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá ni. Àwọn ọmọ East Dulwich, àdúgbò àwọn olówó, tí bàbá wọn ti sọ fún wọn látilé pé "lọ bá a, sọ fún un pé o fẹ́ wá," wọ́n á lọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé. Àwọn tiwa ńkọ́? A ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe yọ àgbà lẹ́nu. Bí àgbà ò bá pè ẹ́, dúró sáyè ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, ẹ̀kọ́ ilé gidi sì ni. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an làwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá ń pè ní àìnífẹ̀ẹ́ síṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kéèyàn bínú.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi lọ́dún ìpàdé yẹn, ọdún kejì ló wà. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé, tòun ti híjáàbù dúdú rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Mo mọ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá náà ń ṣe ní ilé kan ní Catford, a sì sábà máa ń pàdé níbi tá a ti ń ra ẹja. Bàbá ọmọ náà ti ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló dúró bíi bàbá fún un. Mo máa ń rí máàkì rẹ̀. Máàkì rẹ̀ máa ń ga ju ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá níwájú lọ, àmọ́ kò sí lẹ́kíṣọ̀ mìíràn tó lè tọ́ka sí i pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan a ṣe iṣẹ́ kékeré kan nínú láàbù. Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abọ́ pẹlẹbẹ tí oúnjẹ àwọn kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, ó dì bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n á fi kòkòrò sí i, wọ́n á gbé bébà kékeré tí wọ́n rẹ sínú oògùn lé e láàárín, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Ibi tí oògùn bá dé, kòkòrò ibẹ̀ á kú, ojú ibẹ̀ á mọ́ roro, á rí róbótó yí bébà náà ká. Nínú abọ́ ọmọbìnrin yìí, àmì funfun bíi mélòó kan wà láàárín ibi tó yẹ kó mọ́ roro yẹn. Àwọn míì náà rí irú ẹ̀ nínú tiwọn. Wọ́n ní ìdọ̀tí ló bọ́ sí i, wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n fọwọ́, wọ́n bá tiwọn lọ.

Òun ò sọ tirẹ̀ nù. Ó dúró títí gbogbo wọn fi jáde, ó wá gbé e wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni jalè. Ó ní, "Doctor, àwọn tó wà ní middle yìí, oògùn yẹn touch wọn. Kí ló dé tí wọn ò kú?" Orí mi wú. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo lè ka àwọn tó bi mí ní irú ẹ̀ lórí ìka ọwọ́. Mo sọ òótọ́ fún un pé mi ò mọ̀. Mo ní ọ̀gá kan wà lókè tó jẹ́ pé irú kòkòrò tó ń bá oògùn jà báyìí lòun ń wá kiri, kó lọ bá a. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ah, Aunty. Èmi? Mo kàn lè lọ knock like that?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun máa lọ. Kò lọ. Bí mo bá tún bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní òun máa lọ, inú á sì máa bí mi, torí mo mọ̀ pé ẹni tí ò mọ ìdajì ohun tó mọ̀ ti ń gòkè àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Nígbà tó sú mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á dé ẹnu ilẹ̀kùn náà, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ kó má bàa sá. Ó kan ilẹ̀kùn bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ jòjòló lórí. Mo ní, "Gbá a." Ó gbá a.

Ọ̀gá náà jẹ́ òyìnbó kan tí kì í pariwo, kì í ṣèèyàn burúkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó dìde lórí àga, ó ní ibo ni abọ́ náà wà. Ó gbé e síwájú iná, ó wò ó títí. Ó ní tí ilé ìwé bá ti parí, kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọlidé, pé ohun tó rí yẹn gan-an ni kó máa wádìí. Bá a ṣe jáde, ọmọ náà dì mọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Aunty, wallahi, mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan tí mo sọ." 

Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, mi ò ní holiday o. School ni mo máa wà throughout summer, lab professor kan ni mo máa wà." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wá bọ́ sínú yàrá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Níbi tá a ti wá, ta ló ń lọ sílé ìwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọlidé? Ṣebí ẹni tó ní carry-over ni. Ẹni tó fìdí rẹmi, tó ń tún ìdánwò ṣe, ni lẹ́kíṣọ̀ máa ń dá dúró. Iṣẹ́ ìwádìí, ti àwọn tó ti gboyè tán nìyẹn, ti àwọn tó ti ní irun funfun. Kò sẹ́ni tó sọ fún obìnrin yẹn rí pé ibí yàtọ̀, pé níbí ẹni tó mọ̀wé jù ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró. Ó bi ọmọ náà lọ́jọ́ kejì pé, "Ṣé o ò fail?" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fail ke? Wọ́n choose mi ni, Mummy." Ẹ̀rín yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ìyá náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun náà ṣe rẹ́rìn-ín fún ìyá òun nìyẹn lọ́dún tóun fìdí rẹmi nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá.

Ó gbé ẹjọ́ lọ bá Alfa ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, omi lójú. Alfa pe ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ. Tí ọmọ wa bá fìdí rẹmi, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe? Wọ́n á lọ bẹ lẹ́kíṣọ̀ ni. Wọn ò ní sọ fún ọmọ, kí ojú má bàa tì í. Wọn ò sọ fún èmi náà, torí wọ́n rò pé èmi ni mò ń bá a bo ọ̀rọ̀ náà láṣìírí. Wọ́n lọ agbádá wọn, wọ́n ra iṣu tó dáa ní Rye Lane, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì wá ọ̀gá náà kàn.

Mo wà nínú kíláàsì nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tí yàrá wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ tú síta. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Alfa gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣàdúrà fún ọ̀gá náà àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, ó ní kó ṣàánú òun, pé ọmọ aláìníbaba ni, ọmọdé ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó dárúkọ máàkì níbẹ̀, wọ́n rò pé ọkùnrin náà ti mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ojú òyìnbó náà pọ́n. Ó ń sọ pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde. Wọ́n gbé iṣu fún un, ó ní òfin ilé ìwé ò gba òun láyè láti gba ẹ̀bùn. Ìyẹn ló wá já wọn láyà. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ iṣu, ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn. Wọ́n gbé iṣu wọn padà sínú bọ́ọ̀sì, ó di Peckham.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọmọ náà fi wá bá mi lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó na fóònù sí mi. Ọ̀gá náà ti kọ̀wé sí i. Ó ní òun ti rí i pé inú ẹbí rẹ̀ ò dùn sí iṣẹ́ náà, òun ò sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wọn, torí náà òun ti fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láyè náà. Ó ní bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, "It's calm, Aunty. It's calm." Kò ní calm kankan lójú. Kò mọ̀ pé wọ́n wá bẹ̀bẹ̀. Èmi náà ò tíì mọ̀.

Mo gòkè lọ. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá náà ṣàlàyé iṣu, ó ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀, ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí kò ṣẹ̀ sẹ́nikẹ́ni. Mo ní, "Ṣé o bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe?" Ó ní òun ò fẹ́ tọrùn bọ ọ̀rọ̀ ẹbí. Mo ní, "Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé o bi í?" Ó ní àánú rẹ̀ ló ṣe òun. Àánú! Ẹ gbà mí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i lára pátákó tí wọ́n fi ń kọ̀wé: ohun tí ọmọ náà wá fi wúyẹ́wúyẹ́ bi mí lọ́jọ́sí ni wọ́n ti kọ gàdàgbà síbẹ̀, orúkọ ọmọkùnrin kan láti East Dulwich sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo yíjú padà, mo jáde. Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ì bá lé mi níṣẹ́.

Ilé ìyá rẹ̀ ni mo gbà lọ tààrà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó yára fà mí wọlé kí aládùúgbò má bàa gbọ́. Ó ní, "Aunty, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bò ó láṣìírí. Ọlọ́run á bo tiyín náà." Mo ní, "Ta ni mò ń bò? Kí lẹ lọ wí fún ọkùnrin yẹn?" Ó ní àwọn lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú fo máàkì ọmọ náà ni. Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ọmọ yín ò fail. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó o ní kíláàsì mi. Wọ́n ní kó wá nígbà ọlidé torí pé ó rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ nù."

Ó wò mí. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ti múra sílẹ̀ láti bú u, mi ò purọ́, ọ̀rọ̀ burúkú ti wà lẹ́nu mi láti ìdí ọkọ̀. Àmọ́ ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ló ń bínú sí. Ó ní, "Mo kúnlẹ̀ fún un, Aunty. Ó ń wò mí báyìí. Kò bi mí ní nǹkan kan." Ó mú fóònù, ó pe ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kó bá òun gba shift ọ̀la. Ó ní ṣé màá tẹ̀ lé àwọn. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ ṣe láyé.

Àwa mẹ́ta la lọ. Láti inú bọ́ọ̀sì ni ọmọ náà ti ń fa apá aṣọ ìyá rẹ̀, tó ń ní, "Mummy, please, ẹ má ṣe nǹkan kan, it's embarrassing." Ìyá rẹ̀ gba apá aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà rí wa lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yára na ọwọ́ sí ìyá náà pé kó má kúnlẹ̀ mọ́. Kò kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà fa àga kan fún un, kò jókòó.

Gẹ̀ẹ́sì ìyá náà dá ṣáká, ó ti pẹ́ tó ti ń fi bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀ ní Catford. Ohun tó sọ rèé. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀ torí òun rò pé ọmọ òun fìdí rẹmi, pé nílùú tòun, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń wá sílé ìwé nígbà ọlidé. Ó ní òun ṣì í mú, kò sì ti òun lójú láti sọ ọ́, torí ìyá ni òun, òun á tún kúnlẹ̀ lọ́la tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sir? Wọ́n ní iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ máa béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Ẹ rí obìnrin àgbà tó kúnlẹ̀ síwájú yín, ẹ ò bi í pé kí ló dé."

 Ọmọkùnrin ará East Dulwich yẹn wà níbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n pàtẹ́wọ́, àmọ́ ọjọ́ orí mi ò gbà á. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun ò bi í, ó sì yẹ kóun bi í. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ náà, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́nì kan máa yíjú sí i, títí kan èmi. Ó ní, "Ìwọ gan-an, kí lo fẹ́?"

Mo rò pé ó máa wolẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ ná, ó wá wo ọkùnrin náà. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ìdí tí wọn ò fi kú." Ó ní òun ò gbà pé ìdọ̀tí ni, pé tó bá jẹ́ ìdọ̀tí, kò ní jẹ́ pé àárín yẹn ni gbogbo wọn máa kó jọ sí. Ó ní ká mú wọn jáde ká tún gbìn wọ́n sínú abọ́ tuntun, ká tún fi oògùn kan náà sí i, ká wò ó bóyá àwọn ọmọ wọn náà ò ní kú. Ó ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ọwọ́ rẹ̀ ń yàwòrán lójú afẹ́fẹ́. Ọmọkùnrin yẹn ti gbójú sókè, ó ń gbọ́. Ọ̀gá náà mú nǹkan ìnuwọ́, ó nu orúkọ tó wà lára pátákó kúrò, ó kọ ti ọmọbìnrin náà síbẹ̀, ó sì ní kí ọmọkùnrin náà máa ràn án lọ́wọ́.

Inú ṣì ń bí mi, torí mo mọ iye ọmọ tó wà lẹ́yìn kíláàsì mi tí ìyá wọn ò lè rí ẹni bá wọn gba shift. Ìyá ọmọbìnrin náà wà lórí ìdúró títí ọmọ rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ tán, ó ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ìgbà tó parí ló tó fa àga yẹn mọ́ra, ó jókòó.